Fífi fọ́ìsìmeèlì kún PBX àtijọ́ ní ọ́fíìsì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì níbi iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn. Oògùn là ń tà fún àwọn kẹ́míìsì àti ilé ìwòsàn. A ní PBX (ẹ̀rọ tó ń pín ìpè sí àwọn fóònù ọ́fíìsì) àtijọ́ kan tó ń lo wáyà lásán, ẹsitẹ́nṣọ̀n 16 ló wà lórí rẹ̀. Láìnì NITEL ti kú tipẹ́, síìmù mẹ́rin tó wà nínú gétíwéè GSM, ẹ̀rọ tó ń so síìmù mọ́ PBX, ló ń gbé ìpè wọlé fún wa báyìí. Bí a bá ti ṣíwọ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fóònù á máa dún láìsí ẹni tó máa gbé e, a ò sì ní mọ ẹni tó pè. Ọ̀gá wa ní ká fi fọ́ìsìmeèlì sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó ní ká kó gbogbo ẹ̀rọ náà dànù. Ẹnì kejì ní ká so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ ọn, ká gbé Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ìpè, lé e. Èwo ni ká tẹ̀ lé? Èmi kì í ṣe ẹnjiníà o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣàlàyé.

Bàbá Waya

Ẹ má tíì kó nǹkan kan dànù. Fọ́ìsìmeèlì fúnra rẹ̀ kò le: ẹ̀rọ tó ń gbé ìpè, tó ń kí èèyàn, tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni. Ibi tí owó àti ìdààmú wà ni ohun tí òun àti PBX gbọ́dọ̀ máa sọ fún ara wọn. Mẹ́ta ni nǹkan ọ̀hún.

Àkọ́kọ́, tí PBX bá gbé ìpè fún fọ́ìsìmeèlì, ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí wọ́n ń pè àti ìdí tí ìpè fi yà síbẹ̀: 105 ni, kò gbé e, tàbí 105 ni, ó wà lórí ìpè mìíràn. Bí kò bá sọ ọ́, fọ́ìsìmeèlì á máa bi oníbàárà pé inú àpótí ta ni kí òun fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Oníbàárà wo ló mọ nọ́ńbà àpótí? Á kàn gé fóònù ni.

Èkejì, bí ọ̀rọ̀ bá ti wọlé, fọ́ìsìmeèlì gbọ́dọ̀ ní kí PBX tan iná pupa orí fóònù 105, kó sì ní kó pa á nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán. Ẹ̀kẹta ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: bí ẹni tó pè bá ti gé fóònù, ó yẹ kí nǹkan kan sọ fún fọ́ìsìmeèlì pé láìnì ti kú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "tóò, tóò, tóò" lẹ máa bá nínú àpótí láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú rẹ̀.

Lórí PBX irú tiyín, DTMF ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀, ìyẹn ohùn tí à ń gbọ́ tí a bá ń tẹ bọ́tìnnì fóònù. Fọ́ìsìmeèlì á jókòó sórí ihò ẹsitẹ́nṣọ̀n kan. PBX á pè é. Bó bá ti gbé e, PBX á tẹ nọ́ńbà àpótí sí i létí. Tí òun náà bá fẹ́ tan iná, á gbé láìnì, á tẹ kóòdù kan àti 105, á sì gbé e kalẹ̀. Lórí àwọn PBX ńlá ayé ọjọ́un, wáyà RS-232 ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ́tọ̀. SMDI ni wọ́n ń pè é, baud 1200 ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ní ayé SIP (ọ̀nà tí à ń gbà pe fóònù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà) tí a wà yìí, inú ìránṣẹ́ tó ń gbé ìpè ni gbogbo rẹ̀ wà: ìlà Diversion tàbí History-Info ń sọ ibi tí ìpè ti yà wá, NOTIFY ló sì ń tan iná.

Akọ̀wé Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, sà. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá tiwa lè tẹ nọ́ńbà yẹn?

Bàbá Waya

Inú ìwé ètò rẹ̀ ló máa wà, kì í ṣe èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo fóònù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "voice mail integration", "in-band" tàbí "follow-on ID" sí. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ mú fóònù lásán, ẹ so ó mọ́ ihò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fọ́ìsìmeèlì, ẹ darí ẹsitẹ́nṣọ̀n kan síbẹ̀, kí ẹlòmíì wá pe ẹsitẹ́nṣọ̀n náà. Tó bá dún, ẹ gbé e, ẹ dákẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sáré kọjá, PBX yín mọ iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ ohùn ẹni tó pè nìkan lẹ gbọ́, yálà wọn ò tíì ṣí i nínú ètò, tàbí kí ó má mọ̀ ọ́n rárá.

Aṣọ́nà Sáfà

Bàbá, ẹ foríjì mí, ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ní nǹkan kan ná. Àwọn tó ń pè lálẹ́, ẹnì kan pàtó ni wọ́n ń wá ni, àbí ilé iṣẹ́?

Akọ̀wé Bódìjà

Ọ́dà ni o. Nígbà míì wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá dírẹ́bà ti kúrò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹnikẹ́ni lórúkọ.

Aṣọ́nà Sáfà

A jẹ́ pé ẹ ò nílò àpótí 16, ẹ ò sì nílò iná lórí fóònù 16. Àpótí kan fún ọ́dà ti tó, bóyá òmíràn fún ọ̀rọ̀ owó. Ìyẹn ò sì kan PBX yín rárá: ẹ lè gba ìpè náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn gétíwéè yín, ṣé ihò LAN, ti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà, wà níbẹ̀ àbí ihò fóònù nìkan?

Akọ̀wé Bódìjà

Ihò fóònù mẹ́rin, eríàlì mẹ́rin, ihò iná. Kò sí ti LAN.

Aṣọ́nà Sáfà

Òun lẹ máa pààrọ̀ nìyẹn, PBX á wà níbi tó wà. Ẹ ra gétíwéè GSM tó ń sọ SIP, kẹ́ ẹ tún ra gétíwéè FXS oníhò mẹ́rin, èyí tó ń sọ ìpè SIP di ti láìnì fóònù lásán. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Asterisk á dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ìpè á ti orí síìmù wọ Asterisk. Lọ́sàn-án, Asterisk á tì í sí FXS, FXS á sì tì í wọ ihò láìnì PBX tí gétíwéè àtijọ́ ń lò tẹ́lẹ̀. Ìpè tó ń jáde á gba ọ̀nà kan náà padà. PBX ò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí. Lálẹ́, Asterisk ò ní dà á láàmú rárá, inú àpótí ni ìpè á bọ́ sí.

Èyí ni egungun ètò náà, kí ẹni tó bá máa ṣe é fún yín lè rí i:

`[wole]`
`exten => s,1,GotoIfTime(18:00-07:59,*,*,*?oru,s,1)`
` same => n,GotoIfTime(*,sun,*,*?oru,s,1)`
` same => n,Dial(PJSIP/pbx,25)`
` same => n,Goto(oru,s,1)`

`[oru]`
`exten => s,1,Answer()`
` same => n,Wait(1)`
` same => n,VoiceMail(200@default,us)`
` same => n,Hangup()`

Lẹ́tà `u` ní kó lo ìkíni tí ẹ gbà sílẹ̀ fúnra yín. Lẹ́tà `s` ní kó fo ọ̀rọ̀ gígùn tí Asterisk máa ń sọ lédè òyìnbó lẹ́yìn ìkíni. Wait ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn ṣe pàtàkì lórí GSM, torí ohùn kì í tètè là. Láìsí i, wọ́n á máa gbọ́ ìdajì orúkọ ilé iṣẹ́ yín. Ẹ sì rí i pé bí akọ̀wé ò bá gbé ìpè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25 lọ́sàn-án gan-an, àpótí kan náà ló ń lọ.

Bàbá Waya

Ọmọ yìí gbọ́n. Mo fara mọ́ ọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni màá fi kún un: ẹ ṣí "current disconnect" lórí FXS yẹn. Òun ló máa gé iná orí wáyà fún ìgbà díẹ̀ bí oníbàárà bá ti gé fóònù, kí PBX lè mọ̀. Láìsí i, láìnì á há mọ́ PBX lọ́wọ́, ẹ ó máa rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́.

Ọlọ́jà Ògùnpa

Ẹ má bínú o, ta ló ń sọ̀rọ̀ sínú fọ́ìsìmeèlì ní Nàìjíríà yìí? Bí mo bá pe èèyàn, tí ohùn obìnrin yẹn ṣẹ́ pẹ́rẹ́, mo ti gé e. Kírẹ́díìtì mi ni!

Ọmọ Mushin

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Bí fọ́ìsìmeèlì bá ti gbé ìpè, owó ẹni tó pè ti ń lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sanwó kó fi gbọ́ ìtàn. Nítorí náà, ìkíni gbọ́dọ̀ kúrú: orúkọ ilé iṣẹ́, "a ti ṣíwọ́", "ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ fẹ́, a óò pè yín láàárọ̀". Kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ. Ẹni tí àwọn oníbàárà mọ ohùn rẹ̀ ni kó sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ ní Yorùbá kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn yẹn ò jọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọn ò ní tètè gé e.

Àwọn tó gé e náà kò sọnù. Asterisk ń kọ nọ́ńbà gbogbo ẹni tó bá pè sínú `/var/log/asterisk/cdr-csv/Master.csv`, yálà wọ́n sọ̀rọ̀ àbí wọn ò sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan ṣí i láàárọ̀, kó pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bi èmi, fún irú òwò tiyín, ìwé ìpè yẹn wúlò ju fọ́ìsìmeèlì fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́, ẹ sọ fún un pé fọ́ìsìmeèlì lẹ ṣe.

Nínú `voicemail.conf`, ẹ fi `minsecs=5` àti `maxsilence=4` sí i. Èyí àkọ́kọ́ ni kó má tọ́jú ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, èkejì ni kó dá gbígba ohùn dúró bí ìdákẹ́jẹ́ bá tó mẹ́rin. Èkejì gbọ́dọ̀ kéré sí àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdákẹ́jẹ́ lásán á máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀.

Ọlọ́jà Ògùnpa

"Ẹ sọ fún un pé fọ́ìsìmeèlì lẹ ṣe." Ẹ̀rín pa mí o.

Bàbá Waya

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ yẹ àwọn síìmù yẹn wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní fọ́ìsìmeèlì tirẹ̀, bí ìpè bá sì dún pẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ gbé e. Ẹ lè ṣe ètò tó dára jù láyé nínú ọ́fíìsì, kí ìpè má sì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ yọ síìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sínú fóònù lásán, ẹ tẹ `*#61#`. Á sọ ibi tí ìpè ń yà sí bí ẹ ò bá gbé e. `*#67#` wà fún ìgbà tí láìnì bá wà lórí ìpè mìíràn, `*#62#` wà fún ìgbà tí síìmù bá kú tàbí tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. `##002#` ló ń pa gbogbo wọn rẹ́. Kóòdù GSM ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan.

Akọ̀wé Bódìjà

Bàbá, mo ti ṣe é. Síìmù méjì nínú mẹ́rin ń yà sí nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ níbí.

Bàbá Waya

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn gan-an ni. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún tẹ `*#61#` láti rí i pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá lo `62` fún àǹfààní ara yín: `**62*nọ́ńbà#`, kí nọ́ńbà yẹn jẹ́ ti fóònù ẹnì kan tó máa ń wà lórí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ínfátà sì kú, tí gétíwéè kú tẹ̀ lé e, ìpè á yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí pé síìmù yín ló máa san owó ìyàsọ́dọ̀ yẹn, kírẹ́díìtì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Aṣọ́nà Sáfà

Bàbá ti fa ọ̀rọ̀ iná yọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, fún Asterisk, ẹ mọ̀ pé Pi 4 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní aago inú. Bí iná bá lọ tó dé, tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sì tíì dé, Pi á máa ka àsìkò láti ibi tó dúró sí. Ìyẹn burú fún yín ju fún ẹlòmíì lọ, torí aago ló ń pinnu ọ̀sán àti òru nínú ètò tí mo kọ sókè yẹn. Ìpè aago mẹ́wàá àárọ̀ lè máa bọ́ sínú àpótí, kí akọ̀wé jókòó ti fóònù tí kò dún. Ẹ ra aago DS3231 tí wọ́n ń so mọ́ ọn, tàbí kí ẹ ra Pi 5 kẹ́ ẹ fi bátìrì aago sí i. Fún àpótí, nínú `voicemail.conf`:

`200 => 739164,Oda,oda@example.com,,tz=lagos|attach=yes|delete=no`

Lábẹ́ `[zonemessages]`:

`lagos=Africa/Lagos|'vm-received' Q 'digits/at' IMp`

Ímeèlì á gbé ohùn náà dé fóònù ọ̀gá yín. Ẹ fi `format=wav49|wav` sí i, kí wav49 ṣáájú, torí èyí tó bá ṣáájú ló ń bá ímeèlì lọ. Ìṣẹ́jú kan nínú wav jẹ́ bíi 960 KB, nínú wav49 kò ju bíi 100 KB lọ. Bó bá jẹ́ Gmail lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, pásíwọ́ọ̀dù yín lásán kò ní ṣiṣẹ́. Láti 2022 ni Google ti pa ọ̀nà yẹn dé, "app password" lẹ máa ṣe, ihò (pọ́ọ̀tù) 587 lẹ sì máa gbà. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣe `delete=yes` kí àpótí má baà kún. Ẹ má gbà. Asterisk á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ bó bá ti fi ímeèlì lé ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ lọ́wọ́. Bóyá ó dé, bóyá kò dé, kò kàn án.

Ọmọ Mushin

Tí ọ̀gá bá fẹ́ máa pè láti ìta kó tẹ PIN, kí gétíwéè àti Asterisk jọ wà lórí RFC 4733, ìlànà tó ń gbé bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀ lọ́tọ̀ sí ohùn (ọ̀pọ̀ gétíwéè ṣì ń pè é ní RFC 2833). Tí wọ́n bá fi DTMF sínú ohùn lásán tí ìpè sì wà lórí G.729 tó ń fún ohùn pọ̀, ohùn bọ́tìnnì á fọ́, 7 á di nǹkan míì. Ẹ lo G.711, gbogbo ẹ̀rọ yín jọ wà nínú yàrá kan náà, kí lẹ fẹ́ máa ṣọ́ dátà sí?

Arábìnrin Peckham

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láti London ni mo ti ń kà yín. Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀: wọ́n ń pa láìnì àtijọ́ dé níbí, oṣù kìíní 2027 ni gbèdéke, wọ́n ń pa ISDN, láìnì dígítà ayé ọjọ́un, dé pẹ̀lú. PBX àti ẹ̀rọ fọ́ìsìmeèlì tí ọ́fíìsì ń kó sílẹ̀ pọ̀, wọ́n sì rọjú. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ihò ISDN nìkan ló wà lórí wọn. Ó lè tàn, ó lè mọ́ tónítóní, kò ní síbi tẹ́ ẹ máa so ó mọ́ n'Íbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bàbá Waya

Ẹ kú aájò, màámi.

Ó ku ọ̀rọ̀ olè. Ẹ ò rí i pé PIN tí Aṣọ́nà kọ fún àpótí 200, 739164, gùn? PIN tó bá nọ́ńbà àpótí mu, 200 fún 200, dà bí kí èèyàn ti ilẹ̀kùn kó fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pe fọ́ìsìmeèlì kiri, kí wọ́n máa dán PIN wò. Bí wọ́n bá wọlé, ọ̀rọ̀ ọ́dà kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n ń wá ọ̀nà láti ti inú àpótí pe ìta, pàápàá àwọn nọ́ńbà òkèèrè tó wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wo `voicemail.conf`: `dialout` àti `callback` kò gbọ́dọ̀ ní ohunkóhun níwájú. Kí ètò ìpè tó ń jáde má gba ìpè òkèèrè àyàfi bí ẹ bá nílò rẹ̀. Ihò 5060, tí SIP ń gbà, kò gbọ́dọ̀ ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó ṣí, torí síìmù ni ìpè yín ń gbà.

Ọlọ́jà Ògùnpa

Èmi náà ní ìbéèrè o. Oògùn ni wọ́n ń tà. Bí ẹnì kan bá sọ oògùn tó ń lò sínú àpótí, tí gbogbo ọ́fíìsì sì ń gbọ́ ọ ńkọ́?

Ọmọ Mushin

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra jù. Kí ímeèlì yẹn má lọ sí àpótí tí gbogbo èèyàn mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Kí ìkíni sọ pé "orúkọ ilé iṣẹ́ yín àti nọ́ńbà yín", ẹ má ní kí wọ́n sọ àrùn. Kẹ́ ẹ sì máa pa èyí tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lé lórí rẹ́.

Akọ̀wé Bódìjà

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ọ̀gá ti gbà pé kí wọ́n ra gétíwéè méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣì kù: mo fẹ́ iná pupa yẹn lórí tábìlì mi, kí n má máa ṣí ímeèlì kí n tó mọ̀.

Aṣọ́nà Sáfà

Ẹ ra fóònù SIP kan ṣoṣo, ẹ so ó mọ́ Asterisk, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti PBX. Ẹ kọ `exten => *97,1,VoiceMailMain(200@default)` kí ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Fún iná, `mailboxes=200@default` ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ kọ ọ́ sí ló ṣe pàtàkì nínú `pjsip.conf`. Bí fóònù bá ń béèrè fúnra rẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá ṣí "Subscribe for MWI" (MWI ni iná ọ̀rọ̀ tuntun) nínú ètò rẹ̀, abẹ́ apá tó ń jẹ́ aor ló wà. Bí kò bá ń béèrè, abẹ́ apá tó ń jẹ́ endpoint ni, Asterisk á máa fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ẹ má kọ ọ́ síbi méjèèjì.

Akọ̀wé Bódìjà

Tí iná ò bá wá kú lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ tán?

Aṣọ́nà Sáfà

Ẹ tẹ `voicemail show users` lórí Asterisk, kẹ́ ẹ wo iye tó kọ síwájú 200 lábẹ́ NewMsg. Bó bá jẹ́ 0 tí iná ṣì ń tàn, fóònù ni kẹ́ ẹ tún tàn. Bó bá ju 0 lọ, ẹ gbé fóònù, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ ò tíì gbọ́.